Ta Ló Ń Kó Orin Wa Jọ?

Bí ẹ bá gbọ́ pé láíbìrì yunifásítì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹrù tuntun wọlé, mo mọ ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn: páálí ìwé ńláńlá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń sáré kiri, àti ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà tí ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n dákẹ́. Ṣùgbọ́n irú láíbìrì kan wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn ni ẹrù tí ó ń gbà wọlé: orin, ìlù, ìjálá, ẹkún ìyàwó, tí a gbà sínú ìda, sínú àwo, sínú téèpù, àti sínú kọ̀ǹpútà nígbẹ̀yìn. Láíbìrì orin ni mo ń wí. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn òyìnbó ti ń dá irú rẹ̀ sílẹ̀, ohùn tiwa sì wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ohun tí ó mú mi gbé gègé lónìí ni pé, nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti kó jọ láti ilẹ̀ Yorùbá, mo ń wá ti Àkókó, pàápàá ti Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, kò sì pọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí ẹni tí kò dé ọ̀dọ̀ wa rí lè bá mi lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilẹ̀ náà ti rí. Bí ènìyàn bá ti Ọ̀wọ̀ bọ̀, tí ó gba Ọ̀bà-Àkókó kọjá, àpáta ni yóò máa wò lọ́tùn-ún lósì títí yóò fi dé Àkùngbá. Níbẹ̀ ni ọ̀nà ti yà: ọ̀kan kọrí sí Ìkàrẹ́, ọ̀kan kọrí sí Ọ̀kà. Ìlú ńlá ni méjèèjì, ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ sì ni méjèèjì. Ẹni tí ó bá ti Ìkàrẹ́ wọ mọ́tò lọ sí àwọn ìlú kéékèèké tí ó wà ní àríwá, kí ó tó rin ìrìn wákàtí kan, yóò ti gbọ́ èdè méjì mẹ́ta tí kò ní í yé e, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá pọ́ńbélé ni òun fúnra rẹ̀.

Kí ló fà á? Òkè ni, ogun sì ni. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn jagunjagun Núpé láti Bídà ń jà ká ilẹ̀ Àkókó, wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Orí àpáta ni ọ̀pọ̀ ìlú sá sí. Ní 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà, tí àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé orí òkè fún ìran mélòó kan, tí kì í bá ti òkè kejì dá nǹkan pọ̀ bí kò ṣe ọjọ́ ọjà, orin rẹ̀ yóò dá yàtọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹni tí ó bá gbọ́ orin ọdún iṣu ní ìlú kan kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun ti gbọ́ ti Àkókó. Ti ìlú kan ṣoṣo ló gbọ́.

Ó yẹ kí a wá mọ bí ohùn ṣe kọ́kọ́ di ohun tí a ń kó pamọ́. Ní 1877 ni Thomas Edison, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ tí ó gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ tí ó sì tún sọ ọ́ jáde. Nígbà tí ó yá, ìda ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ náà. Wọ́n á mọ ìda yìí bí ife tí kò nídìí. Ẹni tí ń kọrin yóò ki ẹnu sí ìwo ńlá kan, abẹ́rẹ́ yóò sì máa họ ara ìda bí ohùn rẹ̀ ti ń lọ sókè sódò. Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́rin péré ni ó lè gbà. Ẹ fojú inú wo akọrin tí ó mọ orin tí a fi ń ṣe àìsùn, tí wọ́n ní kí ó ki ẹnu sínú ìwo kí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ìda tó tán! Síbẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé rí i pé nǹkan iyebíye ni. Wọ́n dá àká ohùn sílẹ̀ ní Vienna ní 1899, wọ́n dá òmíràn sílẹ̀ ní yunifásítì Berlin ní 1900, wọ́n sì ń fún àwọn arìnrìn-àjò ní ẹ̀rọ lọ sí ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà.

Ní 1909 ẹ̀rọ náà dé ìtòsí wa. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Northcote Thomas wá sí ilẹ̀ Ẹdó kí ó wá ṣe ìwádìí àṣà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Láti 1909 sí 1910 ó rìn ká ilẹ̀ Ẹdó títí dé apá àríwá rẹ̀, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ara kan Àkókó tiwa. Lẹ́yìn náà ó kọjá sí ilẹ̀ Ìgbò, ó sì parí rẹ̀ sí Sierra Leone ní 1915. Ó ya àwòrán lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ó sì gba ohùn sínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìda. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ ka iṣẹ́ náà sí nǹkan gidi. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni owó orí, kì í ṣe orin. Ìda wọ̀nyí wà ní British Library ní Lọ́ńdọ̀nù di òní.

Láti 1910, àkísà kan kò tú sí i lára àwọn ìda náà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ti àwọn tí ó ni ohùn. Ìgbà tí ó di 2018 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Paul Basu ti SOAS ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹ̀dà àwòrán àti ohùn wọ̀nyí padà lọ sí àwọn ìlú tí Thomas ti gbà wọ́n. Àwọn ènìyàn péjọ, wọ́n fetí sí ohùn baba ńlá wọn. Ẹ gbọ́ ná: ààlà tí ìjọba fi pẹ́ńsù fà, tí ó mú Àkókó kan lọ sí ọ̀dọ̀ Ẹdó tí ó fi Àkókó kejì sílẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Oǹdó, ṣe bí ẹní pín ọ̀ràn náà fún wa. Iṣẹ́ ilẹ̀ Ẹdó ni wọ́n rán Thomas, kò gun òkè tiwa.

Lẹ́yìn ìda, àwo dé. Gọ́ọ̀mù tí kòkòrò kan ń ṣe sára igi ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n fi ń po àwo àtijọ́, òun ló jẹ́ kí ó wúwo tí ó sì ń fọ́ bí abọ́. Àwọn oníṣòwò ló ń ṣe é, kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, ẹni tí ó jẹ́ baba baba Fẹlá, kọ orin ìjọ ní èdè Yorùbá fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù, orin tí ó lé ní ogójì. Ní 1936 Túndé King ti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí gba orin jùjú sílẹ̀ fún Parlophone. Ibi tí ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ ojú irin dé ni ilé iṣẹ́ wọ̀nyí mọ̀. Rélùwéè kò dé Ìkàrẹ́ títí di òní olónìí, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí orin rẹ̀ wọ inú àwo nígbà náà, àfi kí ó kó ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sí Èkó. Nígbà tí àwọn láíbìrì òkèèrè wá bẹ̀rẹ̀ sí ra àwo wọ̀nyí, orin Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ni wọ́n bá nínú páálí. Yunifásítì Mainz ní Jámánì, fún àpẹẹrẹ, dá àká orin Áfíríkà tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1991 láti ọwọ́ Wolfgang Bender. Àwo àti kásẹ́ẹ̀tì tí ó wà níbẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, orin tí ènìyàn ń rà lọ́jà ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n láíbìrì kò lè ra ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbà sílẹ̀.

Àwọn yunifásítì tiwa náà kò jókòó lásán. Nsukka ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ ní yunifásítì Nàìjíríà, ní 1961. Ní Ìbàdàn, wọ́n dá Institute of African Studies sílẹ̀ ní 1962, ó sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀ láti kó orin ìbílẹ̀ jọ. Fẹlá Ṣówándé, ẹni tí ó ti ṣe olórí ẹ̀ka orin ní ilé iṣẹ́ rédíò NBC, ló ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní àwọn ọdún náà kí ó tó lọ sí Amẹ́ríkà. Akin Euba náà ti ilé iṣẹ́ rédíò dé Ifẹ̀, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ìlù dùndún. 1990 ni ìwé ńlá rẹ̀ lórí dùndún jáde, ní Bayreuth ní Jámánì ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́. Anthony King ti tẹ ìwé kan jáde ní Ìbàdàn ní 1961 lórí orin òrìṣà ní Èkìtì. Èkìtì yẹn kan náà wà pẹ̀lú wa nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 1976 di 1996. Àwọn ará Amẹ́ríkà ńkọ́? William Bascom gbé àwo kan jáde lórí ìlù Yorùbá ní 1953. Lorenzo Dow Turner, ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí ó ti gba ohùn àwọn ènìyàn wa ní Bahia ní Brazil ní 1940 sí 1941, wá sí Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó sì tún gba ohùn sí i. Àká orin ìbílẹ̀ tí ó wà ní Yunifásítì Indiana ni ohùn Turner wà. Láti 2013 ni yunifásítì náà ti gbé iṣẹ́ ńlá kan dìde láti sọ téèpù, àwo, ìda àti fíìmù tí ó ní di ti kọ̀ǹpútà. Ohun tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ lé ní 300,000.

Bí ẹ bá fi ìka tọ gbogbo ìlú tí mo dárúkọ yìí lórí máàpù, ẹ ó rí i pé Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkìtì ni ẹsẹ̀ pọ̀ sí. Èmi kò bínú sí wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ dùndún, ilé àwọn àyàn ni yóò lọ, kò sí ìdí tí yóò fi wá sí Àkókó. Ohun tí ó kàn ń dùn mí ni pé nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé wá rántí Àkókó, ojú mìíràn ni wọ́n fi wò ó.

Ìròyìn tuntun náà nìyí, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìkàrẹ́ kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ní àríwá ìlà-oòrùn Ìkàrẹ́, àwọn ará Ikakumo ń sọ èdè kan tí wọ́n ń pè ní Ikaan. Onímọ̀ èdè kan, Sophie Salffner, ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé lórí ohùn èdè náà ní SOAS, ó parí rẹ̀ ní 2009, ó sì tún padà wá gba ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ nípa oko, oúnjẹ àti iṣu. Àká àwọn èdè tí ó fẹ́ parẹ́, tí a mọ̀ sí ELAR, ni ohùn wọ̀nyí wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún èdè Abesabesi, tí àwọn mìíràn ń pè ní Akpes, ní àwọn ìlú bí Ìkaramù àti Ìbaràmù. Lọ́ńdọ̀nù ni ELAR wà tẹ́lẹ̀. Ní 2021 wọ́n kó o lọ sí Berlin. Ìyẹn ni pé bí bàbá àgbẹ̀ kan ní ìtòsí Ìkàrẹ́ ṣe ń sọ bí a ti ń kọ ebè, Berlin ni ohùn rẹ̀ ń gbé, ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Èkó sì lè gbọ́ ọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo yọ̀ fún wọn gan-an.

Ṣùgbọ́n Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ńkọ́? Yorùbá ni wọ́n ka èdè wọn sí, ẹ̀ka èdè lásán. Àwọn tí ń fi owó sílẹ̀ fún èdè tí ó fẹ́ kú wo Yorùbá, wọ́n rí i pé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ló ń sọ ọ́, wọ́n ní ara rẹ̀ le, wọ́n sì kọjá lọ. Àwọn tí ń wá ohùn Yorùbá fúnra rẹ̀ sì yà sí Ọ̀yọ́. Bí ìlú ńlá méjì ṣe bọ́ sí àárín nìyẹn: ara wọn kò burú tó kí dókítà wò wọ́n, wọn kò sì gbajúmọ̀ tó kí oníròyìn wá wọn lọ. Ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà ní Ọ̀kà fi ń dárin ọdún kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ó kàwé ní Àkúrẹ́ lè túmọ̀. Èdè Yorùbá kò ní í kú. Orin yẹn lè kú.

Kí ló wà nílẹ̀ tí à ń wí? Ó pọ̀. Mùsùlùmí pọ̀ ní Ìkàrẹ́, nígbà tí mo sì wà lọ́mọdé, láàárín 1980 sí 1990, àwọn ọ̀dọ́ a máa lu agbè àti agogo káàkiri ní òru oṣù ààwẹ̀ láti jí wa sí sààrì. Wéré ni à ń pè é. Inú rẹ̀ ni fújì ti jáde ní Ìbàdàn àti Èkó. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin onílù wákà náà wà, tí wọ́n ń lọ sí ibi ìyàwó àti ibi tí àwọn alálàájì bá ti dé. Kò sí ilé iṣẹ́ àwo tí ó gbà wọ́n sílẹ̀. Àwọn tí ó gbà wọ́n sílẹ̀ ni àwọn ọkùnrin tí wọ́n ní ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì oníbejì, tí wọ́n ń gbé e lọ síbi ìnáwó, tí wọ́n á sì ṣe ẹ̀dà ogún tàbí ọgbọ̀n fún ẹni tí ó bá fẹ́. Owó ni wọ́n ń wá. Wọn kò mọ̀ pé láíbìrì ni àwọn ń kọ́. Ẹni tí ó bá wọ ọjà Ìkàrẹ́ lónìí lè bá páálí irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ lábẹ́ àtẹ ẹni tí ń ta fóònù, tí eruku ti bò ó, tí wọ́n fi gègé kọ orúkọ olóòkú àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo tú ọ̀kan wò, mo rí ìsìnkú mẹ́rìndínlógún, ìwúyè méjì, àti ọ̀kan tí wọ́n kàn kọ "Ìyá Ẹlẹ́kọ" sí. Ó wù mí láti mọ ohun tí Ìyá Ẹlẹ́kọ ṣe.

Ti àwọn onígbàgbọ́ tún wà lọ́tọ̀. Ìjọ Áńgílíkà ti ta gbòǹgbò ní Ìkàrẹ́ láti ìgbà pípẹ́. Àlùfáà Lennon, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà, ló dá Victory College sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1947. Ní Ọ̀kà, àwọn Kátólíkì ń gun Òkè Màríà lọ gbàdúrà. Níbi tí ìjọ bá wà, ẹgbẹ́ akọrin á wà, níbi tí ẹgbẹ́ akọrin bá sì wà, ìwé sol-fa kò ní í ṣàì sí. Ẹ rántí ìjà tí orin ìjọ ti jà ní ilẹ̀ wa. Orin tí òyìnbó gbé wá, ohùn rẹ̀ kì í tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ wa. Ọkọ á di ọkọ̀, ọkọ̀ á di ọkọ́, ìjọ á máa kọ ohun tí kò ní lọ́kàn. T. K. E. Phillips, tí ó lu dùùrù ní Kàtídírà Christ ní Èkó láti 1914 sí 1962, kọ ìwé kan jáde ní 1953 lórí orin Yorùbá, ó sì fi ọgbọ́n hàn nípa bí orin ṣe lè bá ohùn ọ̀rọ̀ lọ. Ìwé yẹn wà ní àwọn láíbìrì ńláńlá. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọ̀gá akọrin ní ìlú kéékèèké ṣe sí ọ̀rọ̀ kan náà, nínú ìwé ẹ̀kọ́ ọmọ iléèwé, kò sí níbì kankan bí kò ṣe inú àpótí wọn.

Mo rí ọ̀kan ní Ọ̀kà. Bàbá tí ó ni ín ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ti fi iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ ọ̀gá akọrin sílẹ̀ tipẹ́. Ìwé mẹ́fà ni, gègé aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́, dòò rè mí láti òkè dé ìsàlẹ̀ fún ohùn mẹ́rin. Àwọn orin ìkórè wà nínú rẹ̀ tí bàbá náà gbé ohùn wọn láti inú orin ọdún iṣu tí ìyá rẹ̀ ń kọ, kí ìjọ tó ní kí ìyá náà má kọ ọ́ mọ́. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: orin tí ìjọ lé jáde lẹ́nu ọ̀nà ìyá, ọmọ rẹ̀ gbé e gba fèrèsé wọlé. Mo bi í pé ṣé ọ̀mọ̀wé kankan ti wá wo ìwé náà rí. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ ni ẹnì kìíní tí kò bá mi wá ọ̀rọ̀ ilẹ̀."

Ìwé lè pẹ́ bí ikán kò bá dé ibẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni téèpù inú rẹ̀, ìyẹ̀fun irin ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn lára, inú ìyẹ̀fun yìí ni ohùn wà. Nígbà tí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́, gọ́ọ̀mù á rọ̀, téèpù á máa lẹ̀ mọ́ra, ìyẹ̀fun á sì máa ṣí bí ọ̀dà ara ògiri. Èyí tí ó bá bọ́ ti bọ́. Èyí tí ó burú jù ni pé ẹ̀rọ tí ó ń lù ú ti ń tán láyé. Ní 2019, UNESCO àti ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ohùn lágbàáyé, IASA, jọ kéde pé nígbà tí ó bá fi máa di 2025, yóò ti ṣòro gidigidi láti rí ẹ̀rọ àti ohun èlò tí a ó fi lu téèpù. 2025 ti lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń rò pé kí a kúkú kó gbogbo rẹ̀ lọ sí òkèèrè, kí ọkàn wa balẹ̀, kí ó rántí pé ní oṣù kẹrin 2021 iná orí òkè jó láíbìrì Jagger ní Yunifásítì Cape Town, ìwé àti fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà tí kò níye ló bá a lọ. Ní oṣù kẹwàá 2023, àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì kọlu British Library, ojú ìwé tí wọ́n ti ń gbọ́ ohùn àtijọ́ sì kú fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ ìda Northcote Thomas níbẹ̀ ní láti mú sùúrù. Ní Guinea, wọ́n ju bọ́ǹbù sí ilé iṣẹ́ rédíò nígbà tí àwọn kan fẹ́ gba ìjọba ní 1985. Èyí tí ó ṣẹ́kù nínú téèpù rédíò náà ni wọ́n gbà là láàárín 2008 sí 2013, orin 9,410, pẹ̀lú owó tí British Library ń bójú tó. Ẹ̀dà kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ti ilé kò sì kúrò ní ilé. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni mo fara mọ́.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Láti 1999 ni yunifásítì ìpínlẹ̀ ti wà ní Àkùngbá. Orúkọ Adékúnlé Ajáṣin ni wọ́n fi ń pè é láti 2004. Orí ìkóríta Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ló wà gan-an, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ń kọ́ iṣẹ́ eré, ijó àti orin níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Àkókó kò ní láti wọ ọkọ̀ òfuurufú kí ó tó lọ gba ohùn. Ilé ìyá rẹ̀ ni yóò lọ. Bí yunifásítì yìí bá ya yàrá kan sọ́tọ̀ nínú láíbìrì rẹ̀, tí ó ra ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó dára méjì, kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ amúlétutù tí ń ṣiṣẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ tí yóò máa tì í lẹ́yìn (ẹ mọ ọ̀rọ̀ iná wa), kò tíì ná owó tó pọ̀ lójú iṣẹ́ tí yóò ṣe. Ẹrù tuntun tí yóò gbà wọlé kì í ṣe èyí tí a ń fi dọ́là rà.

Ohun tó ṣòro nínú rẹ̀ kì í ṣe owó. Àkọ́kọ́ ni orúkọ. Ẹ lọ wo àwọn àká ńláńlá tí mo ti ń kà bọ̀ láti òkè: ohùn Thomas, ohùn Turner, orúkọ ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ wá ni wọ́n fi ń pe ẹrù náà, ẹni tí ó kọrin á wà nísàlẹ̀, tàbí kí ó má sí rárá. Nínú ìwé àkójọ tiwa, orúkọ akọrin ni kí ó ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ agboolé rẹ̀, àdúgbò rẹ̀, ayẹyẹ tí wọ́n ń ṣe, àti ẹni tí ó ń gbè é. Àwọn tí wọ́n lè fetí sí kásẹ́ẹ̀tì 1984 kan kí wọ́n sọ pé "Lágbájá ló ń lu ìyáàlù yẹn" ti dàgbà. Bí àwọn wọ̀nyí bá lọ, ohùn á wà ṣùgbọ́n a kò ní í mọ ẹni tí ó ni ín.

Èkejì ni ẹ̀tọ́. Orin kan wà tí obìnrin kò gbọ́dọ̀ gbọ́, òmíràn wà tí àlejò kò gbọ́dọ̀ gbọ́, òmíràn sì wà tí a kì í kọ bí oṣù rẹ̀ kò bá tíì lé. Láíbìrì tí ó bá kó gbogbo rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì nítorí kí ojú òpó rẹ̀ lè dùn ti dalẹ̀ àwọn tí ó fún un. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà tuntun ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2023, dá ààbò bo iṣẹ́ àbáláyé, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ṣòwò láìgba àṣẹ. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò lè mọ orin tí ó jẹ́ ti òru àti èyí tí ó jẹ́ ti ọ̀sán. Àwọn àgbà àdúgbò ló mọ̀ ọ́n, kí wọ́n bá wọn jókòó kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ.

Mo béèrè ní Ìkàrẹ́ bóyá ẹnikẹ́ni ṣì lè tún ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì oníbejì ṣe. Wọ́n júwe ọkùnrin kan fún mi nítòsí gáréèjì, tí ń tún rédíò ṣe láti 1979. Ó ní òun lè tún un ṣe dáadáa, mọ́tò inú rẹ̀ kì í sábà bàjẹ́, rọ́bà pẹlẹbẹ tí ń yí i ló ń gbó tí ó sì ń já. Tẹ́lẹ̀ rí, Alábà ní Èkó ni òun ti ń rà á. Wọn kò kó o wọlé mọ́. Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ jáde, ó kà á fún mi. Mẹ́rin ló kù.